Òdòdó Rélùwéè

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìgbéyàwó àwọn òbí mi pé àádọ́ta ọdún nígbà tí Màmá sọ pé, "Ìdúpẹ́ yẹn, èmi ò ní lọ." Ohùn wọn kò yí padà. Ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń já, wọ́n ń fi ìka wá ibi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ igi rẹ̀, nítorí wọn kò ríran mọ́.

Bàbá wà lórí àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn àná. Wọ́n ní, "Bí ìyàwó ò bá lọ, ta wá ni ó fẹ́ dúpẹ́?"

"Ẹ̀yin àti ọmọ yín ẹ lọ. Èmi ò ní jẹ́ kí wọ́n máa fà mí lọ síwájú pẹpẹ bí àgbò iléyá."

"Ta ni yóò fà ọ́?"

"Gbogbo wọn. Ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni? Ẹni tí kò kí mi rí á wá di apá mi mú. 'Ẹ rọra, Màmá. Àtẹ̀gùn rèé, Màmá.' Èmi tí mo ti ń gun àtẹ̀gùn yẹn kí ìyá wọn tó bí wọn."

Bàbá ká ìwé ìròyìn náà.

Ó ti lé ní ọdún méjì tí ojú Màmá ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn dókítà ní gilokóma ni. Oògùn wà tí mo ń kán sí wọn lójú láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ fún wa pé kò lè mú èyí tó ti lọ padà. Nígbà Kérésìmesì, bí mo bá dúró níwájú fèrèsé, Màmá ṣì máa ń mọ̀ pé nǹkan dí ìmọ́lẹ̀. Nígbà tí ó fi di oṣù kẹta, wọn kò mọ̀ mọ́. Wọn kò sunkún lójú wa. Ohun tí wọ́n kàn ṣe ni pé wọn kò jáde mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ wá kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Màmá bá wọn jókòó, wọ́n bá wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sìn wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, Màmá ní bí wọ́n bá tún wá, kí n sọ pé àwọn ń sùn.

Èmi àti àwọn òbí mi là ń gbé pọ̀ ní Sùúrùlérè. Láàárọ̀ mo máa ń lọ sí Yábàá, níbi tí mo ti ń tẹ ìwé fún ènìyàn, kí n tó padà wá dáná alẹ́. Ní ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ yẹn, ilé ìdáná ni mo wà nígbà tí Bàbá wọlé tọ̀ mí wá, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi kì í ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Wọ́n ní, "Òdòdó ni mo fẹ́ rà fún ìyá rẹ."

Mo wò wọ́n. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé ní rélùwéè, Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Mo ti rí i tí wọ́n ra aṣọ fún Màmá, tí wọ́n ra iṣu, tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìránṣọ. N kò rí òdòdó lọ́wọ́ wọn rí.

Mo ní, "Òdòdó kẹ̀, Bàbá? Wọn ò ní rí i."

"Mo mọ̀ pé kò ní rí i. Ìdí nìyẹn tí kì í fi ṣe èyíkéyìí ni màá rà. Òdòdó rélùwéè ni mo fẹ́. Bí ó bá gbọ́ òórùn rẹ̀, yóò dìde."

Mo mọ òdòdó tí wọ́n ń sọ, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ilé wa nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ní orúkọ nínú ìwé, n kò mọ̀ ọ́n. Funfun ni, ewé rẹ̀ márùn-ún, àárín rẹ̀ sì pọ́n bí inú ẹyin tí a sè. Igi rẹ̀ kì í ga púpọ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ kúkurú, ó ki bí ìka ọwọ́ àgbà. Bí a bá já a, oje funfun á máa kán. Òórùn rẹ̀ ta sánsán. Ọ̀kan wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi nínú ọgbà àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Bàbá ti gba yàrá kan nígbà tí wọ́n jẹ́ àpọ́n.

Ní àárọ̀ ìgbéyàwó wọn, òdòdó tí Màmá máa gbé dání kò dé. Arábìnrin kan nínú ìjọ ló ní i, èyí tí a fi aṣọ ṣe, òun ló máa ń yá àwọn ìyàwó. Lọ́jọ́ náà ó ti gbé e fún ìyàwó mìíràn ní Ìdó, ó gbàgbé pé méjì ni òun ṣèlérí fún. Bí Bàbá ti gbọ́, wọ́n ṣẹ́ orí ẹ̀ka kan lára igi yẹn, wọ́n fi òwú funfun dì í, wọ́n sì fi rán ẹ̀gbọ́n wọn sí ilé àwọn Màmá. Èyí ni Màmá gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Oje rẹ̀ ba ìbọ̀wọ́ ọ̀tún wọn jẹ́. Ìbọ̀wọ́ náà ṣì wà nínú àpótí Màmá, àbààwọ́n pupa rúsúrúsú lórí rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé tíì ló dà sí i.

Mo ní, "Igi tó wà lọ́gbà rélùwéè ńkọ́?"

"Wọ́n ti gé e kí o tó wọ ilé ìwé girama. Màá wá òmíràn. Má sọ fún un."

Ní Sátidé, a kọ́kọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù òdòdó kan tí kò jìnnà sí ilé. Ọmọbìnrin tó ń tà níbẹ̀ kúnlẹ̀ kí Bàbá. Ó ní, "Dádì, ṣé ti Màmá ni, àbí ti àǹtí kan?"

Bàbá ní, "Àǹtí náà ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ṣí fíríìjì. Òdòdó pupa ló wà níbẹ̀, olówó iyebíye, tí a fi bébà tó ń dán wé ní mẹ́fà mẹ́fà. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n tẹ imú mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n dé orí èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n nàró.

"Kò ní òórùn."

"Inú òtútù ló wà ni, Dádì. Ṣùgbọ́n a lè bá yín fín pàfíìmù sí i. Ó máa ń pẹ́ lára ẹ̀."

"Bó bá jẹ́ pàfíìmù ni, mo ní in nílé."

A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a jáde. N kò ní sọ pé òdòdó rẹ̀ kò dára. Ó dára lójú gan-an ni.

Ọkùnrin kan wà létí títì lọ́nà ibi tí omi ìdọ̀tí ńlá ti ń kọjá, ó ń ta òdòdó inú ìkòkò àti àwọn igi kéékèèké tí gbòǹgbò wọn wà nínú ọ̀rá dúdú. Omi ló ń fi kẹ́tù bù sí wọn nígbà tí a débẹ̀. Bàbá ní òdòdó tó ní òórùn ni àwọn ń wá. Ó fi igi kan hàn wá, ó ní bí a bá gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, gbogbo àdúgbò á mọ̀. Bàbá gbóòórùn rẹ̀, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Alẹ́ nìkan ló máa ń ta sánsán, Bàbá."

"Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni ìsìn wa."

"Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sún un sálẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá ṣàlàyé èyí tí àwọn ń fẹ́ gan-an fún un: àwọ̀ rẹ̀, iye ewé rẹ̀, oje rẹ̀, bí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe rí. Kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, ọkùnrin náà ti gbé kẹ́tù sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ìyẹn kì í ṣe ti ilé. Òdòdó òkú ni. Mo gbé méjì wá tà nígbà kan. Ìyàwó ilé kan ra ọ̀kan, kò tó ọjọ́ mẹ́ta tó fi gbé e padà wá bá mi tìkòkòtìkòkò. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló bi í pé ta ló fẹ́ sin." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Ibi ìsìnkú ní Yábàá, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò rán yín o."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí a wọ̀ padà sílé, Bàbá kọjú sí títì. Mo rò pé wọ́n ti fi sílẹ̀. A ti dé ìkóríta wa kí wọ́n tó sọ pé, "Òdòdó yẹn kì í pẹ́ kó tó rọ. Sátidé tó ṣáájú ìsìn la ó lọ."

Mo ní, "Bàbá, Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́ ibi tó ti wá."

"A ò tíì já a, o ti ń gbé e pamọ́."

Mo ní ìdí. Màmá kì í fi ọ̀rọ̀ ibojì ṣeré. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wọ́n, ọmọ Áńgílíkà ni ìyá wọn, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa ti ibi ìsìnkú dé tí wọ́n máa jẹ́ kó wọlé láìfọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìnkùlé wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá Màmá. Níbẹ̀ la ti ń fọ ọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣáájú òsì, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

Sátidé tó ṣáájú ìsìn, a sọ fún Màmá pé a fẹ́ lọ wo òdòdó tí wọ́n máa fi ṣe iwájú pẹpẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Màmá ní, "Ẹ má ṣe pẹ́." Wọn kò tíì yí ọ̀rọ̀ wọn padà nípa ìdúpẹ́ náà. Aṣọ tí a rán fún wọn ṣì wà lórí àga bí télọ̀ ṣe ká a.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ibi ìsìnkú jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń gé èékánná. Ó béèrè pé ibojì àtijọ́ ni àbí tuntun.

Bàbá ní, "Òdòdó ni."

"Wọ́n ń tà á níta níbẹ̀ yẹn, Alàgbà. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ wọlé."

"A ò fẹ́ gbé e wọlé. A fẹ́ gbé e jáde ni."

Ọkùnrin náà dá ọwọ́ dúró. Ó wo Bàbá, ó wò mí. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣọ́ ibí, gbígbé wọlé ni mo mọ̀."

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n sì ro ẹjọ́ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń ka lẹ́tà sí ọ̀gá létí: rélùwéè, òdòdó tó gba Ìdó lọ, ìbọ̀wọ́, gilokóma, ọ̀la. Ọkùnrin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ṣé ìyàwó náà wà láyé?"

"Ó wà nílé. Òun ló ní ká má pẹ́."

"Ẹ mú èyí tó bá wà lórí igi. Èyí tó ti bọ́ sílẹ̀, ti onílé ni."

Igi náà wà ní ọwọ́ òsì, a kò tíì rìn jìnnà tí òórùn rẹ̀ fi pàdé wa. Orí ibojì kan ni ẹ̀ka rẹ̀ tó kún jù ṣíji bò. Bàbá dúró ka ohun tí wọ́n kọ sára òkúta, ètè wọn ń mì. Mo rò pé àdúrà ni wọ́n ń gbà, àṣé ọdún ni wọ́n ń ṣírò. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ." Wọ́n dé fìlà wọn padà.

Wọ́n wá kọjú sí òkúta náà. "Àbúrò, jọ̀wọ́, má bínú. Òdòdó díẹ̀ ni mo fẹ́ mú fún ìyàwó mi. Ojú rẹ̀ ni kò dáa."

Wọ́n dúró díẹ̀, níwọ̀n tí ènìyàn máa ń dúró fún èsì. Lẹ́yìn náà wọ́n fi ọ̀pá wọn tẹ ẹ̀ka náà wálẹ̀, èmi ń já a. Bí mo bá já ọ̀kan, Bàbá á gbà á, wọ́n á gbóòórùn rẹ̀, wọ́n á yí i wò. Wọ́n dá méjì padà fún onílé, wọ́n gbé wọn lé orí òkúta rẹ̀, nítorí kòkòrò ti jẹ wọ́n létí. Mọ́kànlá ló kù. Mo tẹ́ áńkáṣíìfù tútù sínú abọ́ onídèérí tí mo gbé dání, mo tò wọ́n sí i. Oje ti lẹ̀ mọ́ gbogbo ìka mi.

Lójú ọ̀nà, mo tún ohun tí a máa sọ sọ fún Bàbá: létí títì la ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin onígi. Nígbà tí a délé, a gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo gbé abọ́ náà sórí ògiri kúkurú, mo ṣí ẹ̀rọ omi, mo fọ ọwọ́, mo fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo fọ òsì. Bàbá dúró dè mí, àwọn náà fọ tiwọn. Kò sí èyí tó ronú kan ohun tí a ń ṣe nínú wa.

Mo wọlé. Màmá ti jókòó sí etí ibùsùn wọn.

"Níbo lẹ ti ń bọ̀?"

"Ibi òdòdó, Màmá. Létí títì."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Mo gbọ́ omi. O fọ ẹsẹ̀, bàbá rẹ fọ ẹsẹ̀. Ẹ ti sìnkú wá. Ta ló kú tí ẹ ń gbé pamọ́ fún mi?" Ohùn wọn kò lọ sókè. Ọwọ́ wọn ló ń wá nǹkan lórí ibùsùn. "Ṣé àbúrò mi ni? Ṣé torí pé n kò ríran, ẹnikẹ́ni lè kú nínú ilé yìí kí n má mọ̀?"

N kò mọ̀ pé ohun tí mo ṣe jọ bẹ́ẹ̀ lójú Màmá títí tí wọ́n fi sọ ọ́. Bàbá wọlé lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ wọn ṣì tutù. Wọ́n jókòó ti Màmá, wọ́n ṣí abọ́ náà, wọ́n sì fi òdòdó kan sí wọn lọ́wọ́.

Màmá gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tún gbé e súnmọ́ ọn. Wọ́n fi ìka ka ewé rẹ̀. Wọ́n ní, "Márùn-ún," bí ẹni pé ó lè jẹ́ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, "Níbo lẹ ti rí i? Nígbà tí a kó wá sí Sùúrùlérè, mo wá a títí láti gbìn. Kò sẹ́ni tó ń tà á."

Bàbá ní, "Yábàá. Níbi ìsìnkú."

Mo ń wo ọwọ́ Màmá. Mo rò pé wọ́n máa jù ú sílẹ̀. Wọn kò jù ú sílẹ̀, wọn kò sì gbé e súnmọ́ imú mọ́.

"Ta ló ni ibojì náà?"

"Àbúrò kan. Mo tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ó fún yín?"

"Kò ní òun ò fún mi."

Èjìká Màmá ló kọ́kọ́ mì kí ẹ̀rín tó jáde. Wọ́n ní, "Bàbá yìí ti lọ bá mi wo ilẹ̀ sílẹ̀."

"Kò sí àyè níbẹ̀ mọ́. Ó ti kún."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa."

"Mo mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ ló tú ọ." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n bá orí mi. "Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ máa sọ fún mi. Ojú nìkan ló lọ."

Wọn kò sọ nǹkan kan nípa ìdúpẹ́ títí a fi sùn. Bàbá náà ò béèrè. Wọ́n kàn gbé abọ́ náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọ́n sì ṣí ìdèérí rẹ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé láàárọ̀ láti kán oògùn sí Màmá lójú, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti ró ìró aṣọ tuntun náà. Wọ́n ní, "Ó ku mélòó?"

Mo kà á. Mẹ́rin ti pọ́n létí. "Ó ku méje."

"Mú abẹ́rẹ́ àti òwú wá. Rán mẹ́ta mọ́ agbádá bàbá rẹ, ní ẹ̀yìn ọrùn."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Ẹni tó gbé e dání kọ́ ni òórùn rẹ̀ wúlò fún. Bàbá rẹ ni kó wà lára wọn. Ẹ̀yìn wọn ni màá wà."

Mo rán an. Bàbá dúró gbọnin bí ọmọ tí wọ́n ń wọn aṣọ fún, wọ́n ń béèrè bóyá oje rẹ̀ kò ní ba agbádá jẹ́. Màmá ní yóò bà á jẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n pe ẹbí wa síwájú, Màmá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé èjìká Bàbá. Arákùnrin kan yára dìde láti di apá wọn kejì mú. Màmá ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Mo ti ní ẹni tí mò ń tẹ̀lé." Ó padà sí àyè rẹ̀. Bàbá rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn mẹ́ta tó wà níwájú pẹpẹ, wọ́n dúró ìṣẹ́jú kan, Màmá náà dúró. Wọ́n gùn ún, Màmá gùn ún.

N kò lè sọ pé òórùn òdòdó náà ni Màmá ń tẹ̀lé. Pàfíìmù pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọwọ́ wọn sì wà lórí èjìká Bàbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò tíì bi wọ́n.

Lẹ́yìn tí àlùfáà gbàdúrà tán tí a padà sí àyè wa, obìnrin tó wà lẹ́yìn wa tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ kàn mí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Kí ló wà lọ́rùn Dádì yẹn? Ó jọ òdòdó ibojì."

Mo mọ̀ pé Màmá ń gbọ́. Mo ní, "Òun ni. Àná la já a ní ibi ìsìnkú Yábàá."

Ó wò mí, ó wo Màmá, ó wo ẹ̀yìn ọrùn Bàbá. Ó rọra sún sẹ́yìn.

Màmá kò yíjú. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé ẹ fọ ẹsẹ̀."